Ìyá Tí Kì Í Gba Èènì

Bí ẹ bá dé Ọjà'ba lónìí, tí ẹ bi àwọn àgbà tó ń ta iyọ̀ àti ata gbígbẹ pé ta ni ìyá tí kì í gba èènì, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì nawọ́ sí ọ̀nà ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ìyá mi ni. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ṣì ríran, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́. Tí ẹ bá wọn ìrẹsì fún un, tí ẹ wá bu ẹ̀kún ọwọ́ kan lé e bí gbogbo oníṣòwò ṣe ń ṣe, á kó o kúrò, á dá a padà sínú igbá yín, á wá wo ojú yín títí ẹ ó fi máa rò pé ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́.

Mo jìyà èènì yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n á rán mi lọ ra gààrí, ẹni tó ń tà á á yìn mí lọ́mọ dáadáa, á bu díẹ̀ sí i. Ọmọ wo ni kò fẹ́ èènì? Ojú ọ̀nà ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń jẹ tiwọn tán. Èmi? Ìyá mi á tú ọ̀rá náà, á fi agolo tirẹ̀ tún un wọ̀n, bó bá sì fi lé báyìí, ẹsẹ̀ mi á tún gba ọjà lọ. Kí n dá a padà, kí n sọ pé a dúpẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa bi mí bóyá ìyá mi rò pé májèlé ni wọ́n fi sí i. Ìtìjú ọ̀hún pọ̀ débi pé mo bi ìyá mi náà lọ́jọ́ kan. Ó ní kì í ṣe májèlé. Kò sì sọ ohun tó jẹ́.

Èènì nìkan kọ́. Ọjà tó bá wọ́n kì í da ìyá mi láàmú. Bí bẹntiróòlù fò sókè, tí gbogbo agbo ilé ń pariwo, òun á jókòó sórí ẹní rẹ̀, á máa fa tẹ̀sùbáà, á ní àlàáfíà ló ń jẹ́ kí ọjà wọ́n, pé ẹni tó bá ń fi owó gọbọi lé ọjà rẹ̀ ṣì fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọjà wálẹ̀. Ọdún tó kọjá tí ìrẹsì àti ẹ̀wà dédé wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀wọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, tí kálukú ń dúpẹ́, oorun dá lójú ìyá mi. Ó rán mi lọ ra iyọ̀, ó tún rán mi lọ ra ìṣáná àti ọṣẹ, ó ní kí wọ́n bá òun rọ kẹrosíìnì kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Ẹ ò rí yàrá inú lọ́hùn-ún ní ilé wa. Iyọ̀ tó kó síbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ti ń jẹ ògiri. Amọ̀ rẹ̀ ń bó wálẹ̀ wẹ́wẹ́, àràárọ̀ ni mò ń gbá a. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ogun ń bọ̀. Ó ní ọjà ló sọ fún òun.

Ogun abẹ́lé ni ogun tí mò ń wí, ogun Bìáfúrà. Wọn ò tí ì bí mi nígbà náà. Títí mo fi di ìyá ọlọ́mọ, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ: pé bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún oníṣòwò kan ní ìlú kan lẹ́bàá Odò Ọya, pé òun àti ìyá mi ń gbé níbẹ̀ nígbà tí ogun dé, pé ìyá mi ló kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, tí bàbá mi sì dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Àti pé ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni ìyá mi gbé bọ̀ lórí, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, nínú àpótí igi rẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní gbogbo ayé mi. Kò fi rán nǹkan kan rí. Bí ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ lọ́dọọdún, á fà á jáde, á nù ún, á fún un ní epo, á yí i lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, á tún tì í padà. Èmi wá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọdún mẹ́ta gbáko lọ́dọ̀ ìyá kan ní Ọ̀rányàn, mo gba òmìnira, síbẹ̀ n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá tó bí mi. Ó dùn mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tó bi í?

Kí n má purọ́ o, ìfura ìyá mi ti ràn mí. Bí oníbàárà bá san iye tí mo pè láì ná an, mo máa ń yẹ owó náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ń pín ìrẹsì nígbà ìbò, ilẹ̀kùn ni mo máa ń tì. Olóògbé ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí màláíkà bá mú mi dé ẹnu ọ̀nà àlùjánnà, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń gbé yàrá yẹn tẹ́lẹ̀, kí ló sì lé e jáde. Mo máa ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, màá bi í.

Ọdún tó kọjá yẹn náà ni ọ̀rọ̀ wá kàn mí gan-an. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wà lẹ́yìn mi, ọmọ onílé ní òun fẹ́ wó o, kí a kó jáde kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ẹ̀rọ mi tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dákẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe tú u palẹ̀, ó mi orí, ó ní inú rẹ̀ ti jẹ tán. Híjáàbù àti yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mo fi ń jẹun, ìwọlé sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí n kò bá rí ibi jókòó sí àti ẹ̀rọ kí wọ́n tó wọlé, àwọn oníbàárà mi á bá ẹlòmíràn lọ, oníbàárà tó bá sì ti mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn, ó ti lọ nìyẹn.

Ibi tí mo ti ń ronú ni aládùúgbò wa kan ti wọlé tọ̀ mí wá. Aránṣọ lòun náà, kò tí ì pé ogójì ọdún, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lójú títì lápá Mápó. Ọkọ rẹ̀ ti wà lókè òkun, físà òun àti àwọn ọmọ ti jáde. Ó ní òun fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ pa pọ̀: ẹ̀rọ oníná méjì, èyí tí wọ́n fi ń di etí aṣọ, sólà tó wà lórí òrùlé, àti ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ tí òun ti san owó ọdún méjì lé. Iye tó pè é kò ju iye tí ẹ̀rọ méjèèjì nìkan ń lọ lọ́jà. Ó ní èmi lòun kọ́kọ́ wá bá, kó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ó tún ní òun á fi áyọ́ọ̀nù àti àpò òwú kan ṣe èènì fún mi.

Ara mi yá gágá. Owó náà wà lọ́wọ́ mi, ó kù díẹ̀ kó pé. Ṣùgbọ́n a kì í ra nǹkan ńlá nílé wa láìsọ fún ìyá mi, mo sì lọ sọ fún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbọ́ iye tí wọ́n pè é, ó gbé atẹ sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ń lé ọmọbìnrin náà. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé e, físà ló gbà. Ó ní ṣé òun nìkan ló ń ta ẹrù bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, gbogbo ẹni tó ń lọ ló ń tà á lówó pọ́ọ́kú, ẹni tó ta mọ́tò ń bẹ, ẹni tó ta ibùsùn tó ń sùn lé lórí ń bẹ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà, mo sì mọ̀ pé mo ti fẹnu ara mi kó bá ara mi.

"Má sanwó," ló wí. "Lọ bi í pé kí ló mọ̀ tí kò sọ fún wa. Tí o bá ń bi í, má wo ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ ni kí o wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀tàn ni, torí pé kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Mo lọ wo ògiri ṣọ́ọ̀bù náà yí ká, bóyá màá rí ọ̀dà pupa tí àwọn ìjọba fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Kò sí. Mo lọ bá onílé, ó kó ìwé jáde, ìwé pé. Mo bi àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ní àlàáfíà ni. Mo san owó fún oníṣẹ́ iná kó gun òrùlé lọ wo sólà, ó ní sólà ńlá ni. Inú ẹlòmíràn á dùn. Tèmi ò dùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò sí nǹkan ni ọkàn mi ń sọ pé wọ́n ti jọ fẹnu kò. Onílé náà, kí ló dé tó yá lára tó bẹ́ẹ̀ láti fi ìwé hàn mí?

Níkẹyìn, mo bi obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo tún un bi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tó ń di, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti rẹ̀ mí. Kò sí òmíràn."

Mo wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe rán mi, mo rí àárẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, n kò sì gbà á gbọ́. Mo ní màá padà wá lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Jímọ́ọ̀ kọjá, mo ní kí n tún wádìí díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de oníyèméjì. Lọ́jọ́ tí mo padà lọ, ó ti tà á fún obìnrin kan tó wá láti Yemetu.

Ohunkóhun kò ṣe ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà máa retí pé ó jóná. Wọn ò wó o, sólà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, fáànù ń fẹ́ obìnrin ará Yemetu náà. Mo ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí oníbàárà mi kan, ẹni tí mo ti ń rán híjáàbù fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti kékeré, tó ń jáde bọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Ó rí mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi náà yí tèmi. Ìbínú tó gbé mi délé lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún bí irú rẹ̀.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásárì tán ni. N kò tilẹ̀ jẹ́ kó ká ẹní. Mo ní òun ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ní kí wọ́n tó bí mi ni ogun yẹn ti parí, òun nìkan ló kù tó ṣì ń jà á. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá rẹ̀ ni mo sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Mo retí kó gbé mi ṣépè. Ó ní kí n fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, kí n sì jókòó.

Ó ní obìnrin kan ló ni ẹ̀rọ náà, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé nílùú ẹ̀bá odò yẹn. Kì í ṣe àjèjì o, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ìyá mi ń kọ́ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń gbọ́ ogun lórí rédíò, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ní kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ kan wá wà tí ọjà dédé wálẹ̀. Iṣu wálẹ̀, ewúrẹ́ wálẹ̀, àwọn èèyàn ń ta ìkòkò àti ibùsùn. Ìyá mi rò pé àánú Ọlọ́run ni, ó ń rà, ó ń rà. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé wá, ó ní ọkọ òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun fún òun, ṣé á ra èyí. Owó adìyẹ mẹ́ta mẹ́rin ló pè é. Ìyá mi sáré lọ mú owó wá kí ẹlòmíràn tó gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà nínú ṣọ́jà, òun ló ti ta wọ́n lólobó. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá mi ti gbé ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò, kò lè padà wọ̀lú mọ́. Àwọn ọkọ̀ tó lè kó èèyàn ti lọ tán. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ rìn, ẹ̀rọ wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn.

Mo ní ọmọ wo. Àkọ́bí ni gbogbo ẹbí ń pè mí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ó ní obìnrin ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan. Ibà mú un lọ́jọ́ kejì. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ń yára, wọ́n ní ilé ìwòsàn wà níwájú, wọ́n ní kó ju ẹrù sílẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kẹta, àwọn tó ń lọ ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, ara ọmọ sì ti tutù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ká ní mo jù ú sílẹ̀, n bá ti yára," ló wí. "Iye tí mo rà á ló ń dùn mọ́ mi. Mo ní, níbo ni mo tún ti máa rí i rà bẹ́ẹ̀."

Mo sunkún. Òun kò sunkún. Ó ní kí n ti àpótí padà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kó tó pè mí. Ó ní òun fẹ́ ta ẹ̀rọ náà fún mi. Mo rò pé etí mi ni. Ó ní kí n lọ sí Ògùnpa, kí n lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní tuntun. Mo lọ, mo dé, mo sọ iye náà. Ó ní iye tí òun máa gbà nìyẹn, kọ́bọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ dín. Mo ní, Màmá, ẹ̀rọ tó ju èmi lọ lọ́jọ́ orí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo gbọ́n nídìí ọjà, mo ná an, mo ná an, àwọn ará ilé ń fi wá rẹ́rìn-ín. Kò yọ kọ́bọ̀. Mo kó owó tí mo ti fẹ́ fi ra ṣọ́ọ̀bù, mo yọ níbẹ̀, mo san án lójú ẹsẹ̀. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, kò kà á.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ẹnu mi yọ̀, bíi ti ọjà. Mo ní kó fi èènì sí i.

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó mọ ohun tí mo sọ.  Ìyá mi gbé ọwọ́ lé àpótí náà.

"Ọ̀rẹ́ mi yẹn fi èènì sí i fún èmi náà," ó ní. "Agolo abẹ́rẹ́ kan àti ìdì òwú mẹ́ta. Inú agolo ni mò ń wò, mo ń ka abẹ́rẹ́. N kò wo ojú rẹ̀ títí ó fi jáde."

Ìgbà yẹn ni mo wá bi ara mi léèrè. Ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, kí ló dé tó fi jẹ́ pé báyìí ló fẹ́ tà á? Mo rántí pé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó ti pín iyọ̀ yàrá inú fún àwọn ìyàwó ilé, àpò lẹ́yìn àpò. Inú mi ti dùn pé ògiri á sinmi, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ ló ń pín ẹrù.

"Màmá," mo ní, "kí lẹ mọ̀ tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹni tó ń sá lọ kì í ta ọjà ní iye tó tọ́, ṣé òun ò ta tòun ní iye tó tọ́ ni? Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ mi, àwọn ọmọ iléèwé ń dúró.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni mo ti ń ránṣọ báyìí. Ẹ̀rọ náà kò nílò iná, ó rọ̀ lọ́wọ́, díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà mi sì ti padà. Ẹní ìyá mi kò jìnnà sí mi. Bí mo bá ti yí ẹ̀rọ dé ibi tí ó yẹ kí n já òwú, mo máa ń gbójú sókè wo ojú rẹ̀.